Àmì Tó Ń Ṣáájú Ìpànìyàn: Ẹ̀kọ́ Láti Ilẹ̀ Rwanda

Ibi kíkà: Ẹ́sítérì 3, Àwọn Onídàájọ́ 19 sí 21

Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí kò rọrùn láti kà sókè níwájú àwọn ọmọdé. Kí ẹ̀yin òbí kọ́kọ́ kà á tán fúnra yín, kí ẹ tó pinnu èyí tí ẹ óò bá àwọn ọmọ sọ.

Àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mọ̀ pé gìrì aláboyún kì í sábà dé lójijì. Obìnrin náà lè ti máa sọ fún ọjọ́ mélòó kan pé orí ń fọ́ òun, pé ojú òun ń ṣe bàìbàì. Ọwọ́ àti ojú rẹ̀ á wú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ru. Bí àwọn ará ilé bá ní oyún ló ń ṣe é, tí wọ́n fi í sílẹ̀, ọjọ́ tí gìrì bá mú un ni gbogbo wọn máa ké.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún orílẹ̀-èdè. Kí aládùúgbò tó gbé àdá sí aládùúgbò, àmì méjì kan sábà máa ń hàn. Èkíní ni pé àwọn olóṣèlú á máa fi ẹ̀yà kan wé kòkòrò tàbí ẹranko. Èkejì ni pé ìfipábánilòpọ̀ á máa pọ̀ sí i láìsí ẹni tí wọ́n mú. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kọ méjèèjì mọ́ àwọn àmì ewu nínú ìwé ìtọ́nisọ́nà tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2014. Ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ tí Hámánì sọ létí ọba nínú Ẹ́sítérì 3 yóò rí i pé àmì èkíní kì í ṣe ohun tuntun.

Ẹ jẹ́ ká wá wo Rwanda. Ní oṣù kejìlá ọdún 1990, ìwé ìròyìn kan tó ń jẹ́ Kangura tẹ ohun tí wọ́n pè ní Òfin Mẹ́wàá ti àwọn Hutu jáde. Ẹ kíyè sí orúkọ yẹn. Ilẹ̀ onígbàgbọ́ ni Rwanda, ta ni kò sì mọ Òfin Mẹ́wàá níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ obìnrin ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní obìnrin Tutsi, níbi yòówù kó wà, iṣẹ́ ẹ̀yà rẹ̀ ló ń ṣe. Ọkùnrin Hutu tó bá fẹ́ ẹ níyàwó, tó yàn án lálè, tàbí tó gbà á ṣe akọ̀wé, ọ̀dàlẹ̀ ni. Nígbà tó di oṣù keje ọdún 1993, rédíò RTLM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Orin dídùn àti ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ń fa àwọn ọ̀dọ́ mọ́ra, àárín orin náà ni wọ́n sì ti ń pe àwọn Tutsi ní inyenzi, èyí tí í ṣe aáyán. Bí aáyán bá sì wọlé, ta ní í bá a rojọ́? Bàtà la fi ń tẹ̀ ẹ́.

Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 1994, wọ́n já ọkọ̀ òfurufú Ààrẹ Habyarimana lulẹ̀. Láàárín nǹkan bí 100 ọjọ́, wọ́n pa nǹkan bí 800,000 ènìyàn. Tutsi ló pọ̀ jù nínú wọn, pẹ̀lú àwọn Hutu tó kọ̀ láti bá wọn lọ́wọ́ sí i. René Degni-Ségui, ọmọ Côte d'Ivoire tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rán lọ wádìí, ṣírò rẹ̀ ní 1996 pé ìfipábánilòpọ̀ tó wáyé níbẹ̀ lè wà láàárín 250,000 sí 500,000. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin tó yè sọ pé àwọn tó bà wọ́n jẹ́ ń sọ fún wọn pé obìnrin Tutsi ti gbéraga jù, pé àwọn fẹ́ rí bí wọ́n ṣe rí gan-an. Ìwé ìròyìn ti fi ọ̀rọ̀ yẹn sí wọn lẹ́nu láti ohun tó lé ní ọdún mẹ́ta.

Kí a má sì rò pé àwọn jàǹdùkú nìkan ni. Pauline Nyiramasuhuko ni mínísítà fún ọ̀rọ̀ ìdílé àti àwọn obìnrin nígbà náà. Ní 2011, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ìpẹ̀yàrun, wọ́n sì dá a lẹ́bi ìfipábánilòpọ̀ tí àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ ṣe. Ìyá ọlọ́mọ ni. Ní Ntarama àti ní Nyamata, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti pa àwọn tó sá wá síbẹ̀. Èyí ń dùn wá ju bí a ti lè kọ ọ́ lọ.

Ohun kan wà nínú ẹjọ́ Jean-Paul Akayesu, olórí ìlú Taba, tí a fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e wá sí ilé ẹjọ́ ní Arusha, kò sí ẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀ kankan nínú ìwé ẹ̀sùn rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1997, obìnrin ẹlẹ́rìí kan, tí wọ́n fi lẹ́tà J nìkan pè, sọ̀rọ̀ kan bí ẹni tó ń kọjá lọ: ọkùnrin mẹ́ta fipá bá ọmọ òun lò, ọmọ ọdún mẹ́fà. Adájọ́ Navanethem Pillay, obìnrin kan ṣoṣo láàárín àwọn adájọ́ mẹ́ta, bi í léèrè sí i. Láti ibẹ̀ ni àwọn mìíràn ti là á. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, wọ́n fi ẹ̀sùn náà kún ti tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án ọdún 1998, ilé ẹjọ́ pinnu pé ìfipábánilòpọ̀ lè jẹ́ ọ̀nà láti pa ẹ̀yà kan run. Ilé ẹjọ́ àgbáyé kan kò ṣe irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ṣé ẹ rí i? Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu àwọn obìnrin yẹn látẹ̀yìnwá; kò sẹ́ni tó bi wọ́n ni. Lójoojúmọ́ la ń rí èyí ní wọ́ọ̀dù.

Ẹnìkan á ní, kí ló kàn wá níbí ní London? Nígbà ìdìbò gómìnà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ní oṣù kẹta ọdún 2023, ọ̀rọ̀ ìhàlẹ̀ sí àwọn ará Ìgbò ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn, ó sì dé ọ̀dọ̀ wa. A kò fi Èkó wé Rwanda o. Ẹ̀jẹ̀ ríru là ń wò, a kò ní gìrì ti dé. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń kọ ẹ̀kọ́ yìí gba ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún gan-an. A kò fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, àmọ́ a kò lè sọ fún Bùọ̀dá pé kò dára. A fi ẹ̀rín fèsì. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ìyàwó ilé wa kan tó jẹ́ ọmọ Ìgbò jókòó tì wá nínú kọ́ọ̀rì, a kò lè wo ojú rẹ̀.

Ní ti èkejì, bí ọmọ tàbí arábìnrin bá sọ fún yín pé wọ́n fipá bá òun lò, ẹ má bi í pé kí ló lọ ṣe níbẹ̀. Ẹ gbà á gbọ́. Bó bá ṣeé ṣe, kí ó má tíì wẹ̀, kí ó má fọ aṣọ tó wọ̀. Oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, bó bá sì yá, ó dára jù. Ti oyún wà fún ọjọ́ márùn-ún. Ibùdó tí wọ́n ń pè ní SARC wà káàkiri ilẹ̀ yìí. Ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú wọn, kò sì pọn dandan kí ó kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Bó bá bẹ̀rù láti dá lọ, kí ó pe ọ̀kan nínú àwa nọ́ọ̀sì inú ìjọ, a óò bá a lọ, a kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Fún ìjíròrò ní ìpàdé ẹ̀kọ́ Bíbélì: kí ni Bùọ̀dá yẹn ìbá ti ṣe bí a bá dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀? Ẹ tún ka Onídàájọ́ 19 sí 21 tán, àní bí a kì í tilẹ̀ sábà wàásù níbẹ̀. Nítorí obìnrin kan tí wọ́n bà jẹ́ títí ó fi kú ni Ísírẹ́lì ṣe jagun. Nígbà tí ogun parí, wọ́n lọ fipá kó àwọn ọmọbìnrin Ṣílò láti fi ṣe aya. Kí ẹ wá sọ fún wa ẹni tó bi àwọn ọmọbìnrin náà léèrè.