Igi Ganganran Má Gún Mi Lójú

"Igi ganganran má gún mi lójú, òkèèrè la ti í wò ó." Àwọn tọkọtaya wa tó wà ní Houston, Chicago tàbí Maryland, tí wọ́n fẹ́ wá gba ọmọ tọ́ láti ilé, ni mo fẹ́ pa òwe yìí fún. Wọ́n ti kun yàrá ọmọ, wọ́n ti ra bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti wá lọ́yà sí Ìkẹjà. Ẹni tí ọmọ máa bá nínú ilé gan-an ni wọn ò tíì múra ẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn àwọn fúnra wọn.

Àdéhùn tí wọ́n ṣe nílùú Hague lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1993 ní kí orílẹ̀-èdè tí ọmọ ń lọ rí i dájú pé àwọn tó fẹ́ gbà á yẹ lẹ́ni tí í gbọmọ tọ́, àti pé wọ́n ti gba ìmọ̀ràn tó yẹ. Nàìjíríà ò sí nínú àdéhùn náà. Síbẹ̀, láti oṣù Keje ọdún 2014 ni Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan pé ibi yòówù kí ọmọ ti wá, àjọ tó gbàwé àṣẹ ni kó bójú tó ètò náà, kí àwọn òbí sì gba ìdálẹ́kọ̀ọ́ wákàtí 10, ó kéré tán. Èyí yàtọ̀ sí àbẹ̀wò tí òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ń ṣe sílé yín láti wo yàrá, owó tó ń wọlé àti ìlera yín.

Ibí ni ẹ máa ti gbọ́ ẹnìkan tó ń rojọ́ pé, "Èmi tí mo tọ́ àbúrò márùn-ún, kí lòyìnbó fẹ́ kọ́ mi nípa ọmọ títọ́?" Ẹ̀gbọ́n, kò sẹ́ni tó bá yín jiyàn pé ẹ mọ ọmọ tọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ tó ń rìn yàtọ̀ sí ọmọ tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ ti gbé kó tó dé ọwọ́ yín. Ohun tí wọ́n ń kọ́ni nínú wákàtí wọ̀nyẹn ni ohun tí àìjẹunre ń ṣe fún ọpọlọ ọmọ, ohun tí ọtí tí ìyá mu nínú oyún ń dá sílẹ̀, ohun tí ilé ọmọ aláìlóbìí ń ṣe fún ọkàn ọmọ, àti ohun tó ń sọ nù lọ́wọ́ ọmọ lọ́jọ́ tó bá fi ìlú, èdè àti oúnjẹ tó mọ̀ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan yẹ̀ wò. Ẹ gbé ọmọ ọdún mẹ́ta dé láti ilé ọmọ aláìlóbìí. Àlejò wọlé, ọmọ sáré fò mọ́ ọn, ó jókòó lé e lẹ́sẹ̀, ó fẹ́ bá a lọ. Gbogbo èèyàn ní, "Ọmọ dáadáa! Ó yá mọ́ èèyàn, kì í tijú." Ẹ má tíì bá wọn yọ̀. Lẹ́yìn tí ìjọba Ceaușescu wó ní Romania níparí ọdún 1989, ọ̀pọ̀ ìdílé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọmọ níbẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Michael Rutter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì tọpasẹ̀ àwọn ọmọ náà títí wọ́n fi dàgbà. Àwọn tó kúrò nílé aláìlóbìí kí wọ́n tó pé oṣù mẹ́fà bá ẹgbẹ́ wọn dọ́gba. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ ló bá ìṣòro dàgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ire ni wọ́n bọ́ sí. Ọ̀kan lára àmì tí wọ́n rí ni pé ọmọ á máa tẹ̀lé àlejò lọ láìwẹ̀yìn wo òbí. Ọmọ tí kò tíì mọ ẹni tó ni òun ni gbogbo èèyàn ń jọ tirẹ̀ lójú.

Nítorí náà, ẹ má tíì pe òde. Mo mọ̀ pé aṣọ ẹbí ti wà lọ́kàn Màmá, ṣùgbọ́n ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Láàárín oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀yin méjèèjì nìkan ni kẹ́ ẹ máa wẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ máa bọ́ ọ, kẹ́ ẹ máa pọ̀n ọ́n. Bẹ́ ẹ bá rí búrẹ́dì gbígbẹ lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, ẹ má pariwo olè lé e lórí. Ebi tó ti pa á rí ló ń mú kó máa fi nǹkan pamọ́. Ẹ fi bisikíìtì sínú abọ́ kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kó máa rí i lálaalẹ́. Tó bá yá, á fi í sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Èyí tó le jù fún wa ni òtítọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló fẹ́ kí ayé gbà pé àwọn ló bí ọmọ. Àwọn kan tiẹ̀ ń di aṣọ mọ́kùn kí aládùúgbò lè rí oyún. Àmọ́ bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ á bá a. Láyé òde òní, itọ́ díẹ̀ nínú ike tí wọ́n fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò DNA ti tó láti tú àṣírí ọgbọ̀n ọdún. Kí ọmọ tó mọ ìwé kà ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un pé: "Ìyá kan ló bí ẹ, kò rọ́nà tọ́ ẹ, àwa wá mú ẹ, inú wa sì dùn." Bẹ́ ẹ bá wà nílé ọmọ aláìlóbìí, ẹ ya fọ́tò ibẹ̀, ẹ gba orúkọ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti rí i àti aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀. Orúkọ tó bá ń jẹ́ ńkọ́? Orúkọ ọmọ nìjánu ọmọ. Ẹ fi tiyín kún un, ẹ má yọ tiẹ̀ dànù.

Ẹnìkan ní í bí ni, igba èèyàn ní í tọ́ ni, àwọn igba náà sì nílò ẹ̀kọ́. Ẹ bá Màmá àti àwọn àbúrò ọkọ sọ̀rọ̀ kí ọmọ tó dé. Ẹni tó bá máa ń sọ pé "ọmọ tá ò mọ ìran ẹ̀," ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé gbólóhùn yẹn ò gbọ́dọ̀ wọ ilé yín.

Ní ti ìwé, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Nàìjíríà ló ń ṣe tirẹ̀ lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé. Kọ́ọ̀tù ló ń fi ọmọ fún ni. Ẹni tó bá ní òun máa bá yín "ṣètò ọmọ" láìsí wẹ́fíà, ọ̀nà NAPTIP, àjọ tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò, ló ń mú yín lọ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ọmọ gbígbà láti Nàìjíríà dúró ní oṣù Kẹta ọdún 2021, ẹ̀yin ará London, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ní Amẹ́ríkà, ọmọ tó bá wọlé pẹ̀lú físà IR-4, ẹ gbọ́dọ̀ tún mú un lọ sí kọ́ọ̀tù níbẹ̀. Ẹ má fi èyí falẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejì ọdún 2001 ló sọ ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n gbà láti òkèèrè di ọmọ onílùú, kò sì kan àwọn tó ti pé ọdún 18 nígbà náà. Nínú àwọn tí òbí wọn ò parí ìwé wọn, a rí ẹni tí wọ́n lé kúrò nílùú kan ṣoṣo tó mọ̀.

Lóṣù Kẹrin ọdún 2010, obìnrin kan ní Tennessee fi ọmọ ọdún méje tó gbà láti Rọ́ṣíà sínú ọkọ̀ òfuurufú ní òun nìkan, ó ní kó padà sí Moscow, ó kọ lẹ́tà lé e lọ́wọ́ pé òun ò ṣe mọ́. A kì í fìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Bí ìdálẹ́kọ̀ọ́ bá fi hàn yín pé agbára yín ò tíì gbé e, ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ wẹ́fíà pé kó fún yín lọ́dún kan sí i. Ìtìjú ò sí níbẹ̀. Ọmọ tẹ́ ẹ bá ti mú délé lẹ ò gbọ́dọ̀ sọ pé ẹ ò tíì ṣetán fún.