Ìsédò Tó Wà Lẹ́yìn Ilé Wa: Ta Ló Ń Ṣọ́ Ọ?

Ẹ̀kọ́ tá a fẹ́ kọ́ lọ́tẹ̀ yìí dá lórí àwọn adágún omi kéékèèké tó wà láàárín àwọn ẹ́sítéètì ní Georgia níbí. Wọ́n rẹwà lójú, pẹ́pẹ́yẹ ń lúwẹ̀ẹ́ lórí wọn, àwọn èèyàn sì ń fi ìwọ̀ pẹja níbẹ̀. Àmọ́ púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe adágún àtọ̀runwá. Ẹnì kan ló sé odò, òun ló fi di adágún.

Kí ni ìsédò?

Inú "sé" àti "odò" ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Bá a bá sé odò, a ti dí i lọ́nà nìyẹn. Ìsédò oníyẹ̀pẹ̀ ni èyí tí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ àti amọ̀ tí wọ́n kì mọ́ra dáadáa ṣe. Àwọn òbí wa tó dàgbà lábúlé mọ irú ẹ̀. Bí àwọn ọmọdé bá fẹ́ gbọ́n odò pẹja, ẹrẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ fi sé e. Bí ihò kékeré kan bá lu níbẹ̀, kì í pẹ́ tí gbogbo ẹrẹ̀ náà á fi bá omi lọ. Bí ti ńlá náà ṣe rí nìyẹn.

Àwọn ìsédò tó wà nínú àkọsílẹ̀ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà lé ní 90,000. Ó ju ìdajì wọn lọ tó jẹ́ ti aládàáni: àgbẹ̀, iléeṣẹ́, ilé ìwé, tàbí ẹgbẹ́ onílé ẹ́sítéètì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Toccoa

Ní ọjọ́ 6, oṣù kọkànlá, ọdún 1977, ní nǹkan bí aago kan ààbọ̀ òru, ìsédò Kelly Barnes ya ní Toccoa Falls, lápá àríwá Georgia. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Bíbélì kan ló ni ín. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtàwọn ìdílé tó ń gbé nísàlẹ̀ ń sùn lọ́wọ́. Èèyàn 39 ló kú, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn.

Ọdún 1899 ni wọ́n kọ́kọ́ fi igi àti òkúta sé odò náà. Nígbà tó yá, wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ lé e lórí kí omi rẹ̀ lè máa fún ilé ìwé náà níná mànàmáná. Lẹ́yìn 1957, wọn ò fi pèsè iná mọ́, ó wá di adágún ìgbafẹ́. Igi hù sára ìsédò náà, òmíràn sì tóbi. Lóṣù kọkànlá ọdún yẹn, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sì rin gbingbin. Àwọn tó ṣèwádìí ò rí ohun kan ṣoṣo tí wọ́n lè sọ pé òun ló fà á. Ẹ̀gbẹ́ ìsédò náà dà gẹ̀rẹ̀ jù, yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sì ti mumi yó.

Lẹ́yìn èyí, Ààrẹ Jimmy Carter, tó jẹ́ ọmọ Georgia, pàṣẹ kí ẹ̀ka ẹnjiníà iléeṣẹ́ ológun lọ yẹ àwọn ìsédò eléwu tí kì í ṣe ti ìjọba àpapọ̀ wò. Lọ́dún 1978, Georgia ṣòfin tiẹ̀ lórí ààbò ìsédò.

Àmì tó yẹ ká máa wò

1. *Igi.* Gbòǹgbò igi tó bá kú á jẹrà, á sì fi ihò sílẹ̀ fún omi. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ẹ má kàn hú igi ńlá o, ẹ pe ẹnjiníà.

2. *Ihò ẹranko.* Bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ihò tí ẹranko gbẹ́ lónìí lè di ọ̀nà omi lọ́la.

3. *Omi tó ń sun.* Bó bá mọ́ gaara, ẹ máa ṣọ́ ọ. Bó bá rú, tó pọ́n bí ẹrẹ̀, á jẹ́ pé ó ti ń kó yẹ̀pẹ̀ inú ìsédò jáde. Ewu ńlá nìyẹn.

4. *Ọ̀nà àbájáde omi tó dí.* Ewé, pàǹtírí, tàbí igi tí ẹranko beaver kó jọ lè dí i. Omi á wá gba orí ìsédò kọjá, yẹ̀pẹ̀ ò sì lè fara da ìyẹn pẹ́.

5. *Ibi tó sán tàbí tó rì.* Ilẹ̀ ò kàn ń ṣàdédé rì.

Ìsédò ò sún, èèyàn ló sún mọ́ ọn

Àgbẹ̀ kan lè ti sé odò nígbà tí kò sẹ́nì kankan nísàlẹ̀ rẹ̀. Lónìí, ilé ti kún ibẹ̀. Ìsédò ọjọ́sí náà ni, àmọ́ bó bá ya nísinsìnyí, ẹ̀mí á bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí òfin Georgia fi ń wo ohun tó wà nísàlẹ̀ ìsédò, tó sì le jù lórí èyí tó ṣeé ṣe kó pààyàn.

Ẹ̀yin òbí wa

Ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ ẹ bá ń san owó ẹgbẹ́ onílé, ẹ máa lọ sípàdé wọn. Ẹ bi wọ́n pé: ta ló ni ìsédò yìí? Ìgbà wo ni ẹnjiníà yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn? Ṣé owó àtúnṣe wà nílẹ̀? Bí ẹgbẹ́ yín bá ló ni ín, ẹ̀yin náà lẹ ni ín nìyẹn, àpò yín sì ni owó àtúnṣe á ti wá. Ẹ tún rántí pé ìnṣọ́ránsì ilé lásán kì í sábà san owó àkúnya omi. Ọ̀tọ̀ ni èèyàn ń ra ìyẹn.

Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ má ṣeré nítòsí ọ̀nà àbájáde omi. Bẹ́ ẹ bá rí omi ẹrẹ̀ tó ń tú jáde lára ìsédò, ẹ sá lọ síbi tó ga, ẹ sọ fún àgbàlagbà, ẹ sì pe 911.

Ọ̀rọ̀ tuntun

*Sun:* kí omi máa yọ díẹ̀díẹ̀ láti inú ilẹ̀.
*Ya:* kí omi já ààlà rẹ̀, kó tú síta.
*Rin gbingbin:* kí nǹkan mumi títí kò fi lè gba omi mọ́.

Ìbéèrè

1. Kí nìdí tí omi rírú fi léwu ju omi tó mọ́ lọ?
2. Báwo ni ìsédò tí ò yí padà ṣe lè di eléwu?
3. Iṣẹ́ àṣetiléwá: ẹ̀yin àti òbí yín, ẹ wá adágún tó sún mọ́ ilé yín jù. Ẹ dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ wo ìsédò rẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ gbólóhùn márùn-ún nípa ohun tẹ́ ẹ rí.