Ohun Tó Ń Pa Bọ́ọ̀dù Kọ̀ǹpútà Àtijọ́

Nínú gbogbo kọ̀ǹpútà, pátákó pẹrẹsẹ kan wà tí àwọn ẹ̀yà yòókù ti ń pàdé ara wọn. Mọ́dábọ́ọ̀dù lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù làwọn tó ń tún un ṣe ń pè é. Àwọn ìlà bàbà tín-ín-rín ló kún ojú rẹ̀. Àwọn ni iná ń tọ̀ dé ibi tó ń lọ. Àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe láàárín 1981 sí 1995 ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Àwọn èèyàn ṣì ń tọ́jú wọn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, torí wọ́n jẹ́ ẹ̀rí bí kọ̀ǹpútà ṣe rí nígbà yẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn, iṣẹ́ kọ́ ló pa wọ́n. Inú páálí ni wọ́n kú sí. Bátìrì kékeré kan ló jẹ wọ́n níbi tí wọ́n ti ń sinmi.

Lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù 386 àti 486, tí wọ́n fi orúkọ ṣíìpù tó jẹ́ ọpọlọ wọn pè, ẹ ó rí bátìrì roboto kan tó sábà máa ń ní àwọ̀ búlúù. Agbára rẹ̀ jẹ́ fólítì 3.6. Irú rẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà Amiga 500 Plus tó jáde ní 1991. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí kọ̀ǹpútà má gbàgbé aago àti ètò rẹ̀ nígbà tí a bá pa á. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, omi á máa jò láti inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń pe omi náà ní ásíìdì. Kì í ṣe ásíìdì rárá. Ẹbí omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú ni, àmọ́ tirẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó máa ń yọ́ wọ abẹ́ ọ̀dà tó bo bọ́ọ̀dù, á sì jẹ àwọn ìlà bàbà díẹ̀díẹ̀ títí wọn yóò fi já.

Nítorí náà, ẹ má yára tan kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́ nínú páálí. Ojú ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ṣiṣẹ́. Ẹ tú u, ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ wo àyíká bátìrì. Bí ẹ bá rí àwọ̀ ewé tàbí dúdú lára ìlà bàbà, tí lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi jó àwọn ẹ̀yà mọ́ ọn kò dán mọ́, omi bátìrì ti débẹ̀. Ẹ wo ojúhò tí wọ́n ń ki kíbọ́ọ̀dù sí pẹ̀lú, torí ìtòsí rẹ̀ ni bátìrì sábà máa ń wà.

Ẹ gé bátìrì náà kúrò kí ẹ tó nu ohunkóhun. Ohun kíkan ló ń pa agbára omi yẹn. Ẹ fi fínígà funfun tàbí omi ọ̀sàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sórí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, kí ẹ rọra fọ ibẹ̀. Ẹ kò gbọdọ̀ fi fínígà sílẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù, nítorí òun náà ń jẹ irin. Ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án, kí ẹ wá fi irú sípíríìtì tí wọ́n fi ń nu ara ṣáájú abẹ́rẹ́ ní ọsibítù nù ún. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa kí iná tó kàn án.

Lẹ́yìn èyí ni míítà tí wọ́n fi ń wọn iná tó wúlò. Ẹ yí i sí ibi tó ti máa ń dún, kí ẹ fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì kan ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ìlà kan. Bí kò bá dún, ìlà ti já nìyẹn. Ẹ lè fi wáyà tín-ín-rín so ó pọ̀.

Kapásítọ̀ ni ọ̀tá kejì. Òun ló ń gba iná dúró díẹ̀, tó sì ń tú u sílẹ̀ kí iná má baà máa ṣe ségesège. Oríṣi tí omi wà nínú rẹ̀ máa ń wú lórí tàbí kó jò nídìí. Àwọn tó wà lórí Macintosh SE/30 ti 1989 àti Amiga 1200 ti 1992 wà lára àwọn tó burú jù nínú èyí. Bí ẹ bá gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná tí wọ́n fi ń jó lẹ́ẹ̀dì kàn wọ́n, òórùn ẹja ló ń jáde. Oríṣi kejì, tí wọ́n fi tantalum ṣe, ló wà lórí IBM PC ti 1981. Tirẹ̀ kì í jò. Ńṣe ló máa ń di ọ̀nà tí iná ń gbà kọjá láìdúró, tí kọ̀ǹpútà kò sì ní tan rárá, tàbí kó bú pẹ̀lú èéfín.

Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ kapásítọ̀, iye iná tí ti àtijọ́ lè gbà dúró náà ni kí tuntun lè gbà dúró. Fólítì rẹ̀ lè ju ti àtijọ́ lọ, kò gbọdọ̀ kéré sí i. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà rèé: ìlà tó wà lára kapásítọ̀ olómi ń fi ẹsẹ̀ òdì hàn, àmì tó wà lára ti tantalum sì ń fi ẹsẹ̀ tí kì í ṣe òdì hàn. Ẹni tó bá gbé e sódì, ó lè bú mọ́ ọn lójú. Ẹ má fi agbára fa èyí tó bàjẹ́ yọ. Ẹ kọ́kọ́ fi lẹ́ẹ̀dì tuntun díẹ̀ kún ti àtijọ́ kó lè yọ́ dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó ya ojú ihò bọ́ọ̀dù. Àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Computer Village, Ìkẹjà, ní àwọn irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń jó lẹ́ẹ̀dì. Ẹ fọwọ́ kí ẹ tó jẹun, nítorí májèlé ni lẹ́ẹ̀dì. Àpótí tó ń fún kọ̀ǹpútà níná, ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ ṣí i. Iná tó lè pani lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ lára ògiri.

Bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 ni ọ̀pọ̀ fi ń rọ́pò ti búlúù. Àmọ́ bọ́ọ̀dù a máa ṣáájì bátìrì àtijọ́, CR2032 kò sì gbọdọ̀ gba ṣáájì. Ẹ fi dáyóòdù, ẹ̀yà kékeré tó ń jẹ́ kí iná gba apá kan ṣoṣo, sí ojú ọ̀nà rẹ̀ kí iná má lè padà wọlé.

Bí 386 tàbí 486 yín bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ kọ ètò háàdì díìsìkì rẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ sì yọ bátìrì náà lónìí.