Òwò Àgbáyé àti Ààbò Òṣìṣẹ́

Bí ènìyàn bá yẹ ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ wò, yóò rí i pé a kọ orúkọ ilẹ̀ tí a ti rán an síbẹ̀. Bangladesh, tí ó múlé ti Íńdíà, wà lára àwọn ilẹ̀ tí ń ta aṣọ rírán jùlọ ní ayé. Ẹ jẹ́ kí a fi í ṣe àpẹẹrẹ, kí a lè mọ ẹni tí òwò àgbáyé ń ṣe lóore àti ẹni tí ó ń pa lára.

Àwọn tí ó jèrè kò kéré. Ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń ra aṣọ ní owó pọ́ọ́kú. Àwọn oníṣòwò ńlá ń rí èrè. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ obìnrin Bangladesh sì ti di ẹni tí ń gba owó oṣù. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ aránṣọ Amẹ́ríkà àti Yúróòpù pàdánù iṣẹ́ wọn, nítorí pé iṣẹ́ ṣí lọ sí ibi tí owó ọ̀yà gbé kéré.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 2013, ògiri Rana Plaza, ilé alájà mẹ́jọ kan ní Savar lẹ́bàá Dhaka, lanu. Ilé ìfowópamọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, a pàṣẹ kí àwọn aránṣọ wọlé, a sì fi owó oṣù dẹ́rù bà wọ́n. Ilé náà wó. Àwọn tí ó kú lé ní 1,100.

Ògiri kan náà ni ó lanu fún gbogbo wọn. Kí ni ó wá ya akọ̀wé ilé ìfowópamọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára aránṣọ? Èyí ni pé aránṣọ kò ní agbára láti wí pé, “N kò ní í wọlé.” Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Òfin tí kò ní olùṣọ́ jẹ́ ògiri tí ó ti lanu: a ti fi àjà kún ilé náà láìgba àṣẹ.

Iṣẹ́ ìjọba nínú ọ̀ràn yìí jẹ́ mẹ́ta. Èkíní ni láti máa bẹ ilé iṣẹ́ wò. Èkejì ni láti fi ìpìlẹ̀ owó ọ̀yà lélẹ̀: 3,000 taka lóṣù ni ti àwọn aránṣọ ní ọdún 2010, a sọ ọ́ di 5,300 ní ìparí 2013, àti 12,500 ní 2023. Ẹ̀kẹta ni láti dáàbò bo ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ní 2013, a tún òfin iṣẹ́ ṣe kí ó lè rọrùn láti dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Ẹnìkan lè béèrè pé, èéṣe tí a kò fi èyí sílẹ̀ fún ẹ̀rí-ọkàn ọ̀gá? Ìdí rẹ̀ ni pé bí ọ̀gá kan ṣoṣo bá fi kún owó ọ̀yà, oníbàárà rẹ̀ lè yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn tí ọjà rẹ̀ dínwó. Ṣùgbọ́n bí òfin bá de gbogbo wọn, kò sí ẹni tí yóò pàdánù nítorí pé ó ṣe rere.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, nígbà tí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọdé ní orúkọ ìlú àti ọjà tí ó ti ibẹ̀ wá, ẹ má ṣe dúró níbẹ̀. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú pé: ọwọ́ ta ni ó ṣe é, ta ni ó sì ń gbèjà rẹ̀?