Ẹrù bàjẹ́ kó tó dé Agbójú: Òfin wo ló máa gba oníṣòwò?

Ẹni tó bá dúró l'Agbójú, lójú títì márosẹ̀ Èkó sí Badagry, kò jìnnà sí òkun rárá. Tèèyàn bá gba Mile 2 kọjá, ọ̀nà Tin Can àti Àpápá ló kàn. Fíríìjì tòkunbọ̀, ẹ̀yà ara mọ́tò, bàtà àti aṣọ táwọn èèyàn ń tà lágbègbè Festac àti Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló gba orí omi wọlé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oníṣòwò ni kì í bèèrè òfin tó ń darí ẹrù yìí, àfìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ní obìnrin oníṣòwò kan dáwó pọ̀ mọ́ àwọn márùn-ún mìíràn, wọ́n sì jọ kó ọjà wọn sínú kọ̀ńténà kan láti ilẹ̀ China. Nígbà tí wọ́n ṣí i, omi iyọ̀ ti wọ inú páálí, ìdajì ọjà rẹ̀ ti bàjẹ́. Ejẹ́ńtì ní ọwọ́ òun kọ́ ló ti bàjẹ́. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ní inú èbúté ló ti ṣẹlẹ̀. Àwọn tó wà ní èbúté náà ní bó ṣe dé làwọn ṣe gbà á. Ta ni kí obìnrin yìí wá mú? Kóòtù wo ni kó lọ?

Inú òfin ọ̀rọ̀ ojú òkun, èyí táwọn lọ́yà ń pè ní maritime law, ni ìdáhùn wà. Òfin yìí kì í ṣe ìwé kan ṣoṣo. Orísun mẹ́rin ló ti ṣàn wá ní Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan ló kan ọlọ́jà kékeré.

Ìwé òfin ilẹ̀ wa

Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ni bàbá gbogbo wọn. Abala 251 nínú rẹ̀ gbé ẹjọ́ tó jẹ mọ́ ọkọ̀ ojú omi, èbúté ìjọba àpapọ̀ àti kíkó ẹrù gba orí òkun lé ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ nìkan lọ́wọ́. Ẹni tó bá gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ sí kóòtù májísíréètì tàbí ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Èkó lè náwó, kó náákókò, kí adájọ́ tó sọ fún un pé ibẹ̀ kọ́ ló yẹ kó wá.

Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe

Èyí tó ṣe kókó jù nínú wọn ni Admiralty Jurisdiction Act ti ọdún 1991. Kó tó dé, àríyànjiyàn wà lórí ibi tí ọ̀rọ̀ òkun parí sí. Lọ́dún 1987, nínú ẹjọ́ Aluminium Manufacturing Company àti àjọ èbúté, NPA, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé tí wọ́n bá ti já ẹrù kúrò nínú ọkọ̀, ọ̀rọ̀ òkun ti tán nìyẹn.

Òfin 1991 yí i padà. Láti ìgbà tí ẹrù bá ti wọ inú ọkọ̀ títí tí yóò fi dé ọwọ́ ẹni tó fẹ́ gbà á, ìbáà jẹ́ tírélà ló gbé e lórí ilẹ̀, abẹ́ àṣẹ ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ló wà. Ìyẹn ni pé lójú òfin, ọ̀nà láti Tin Can dé ṣọ́ọ̀bù l'Agbójú wà lára ìrìn àjò òkun.

Àwọn òfin mìíràn tún wà bíi Cabotage Act ti 2003, tó ń dáàbò bo àwọn ọkọ̀ ọmọ Nàìjíríà nínú òwò etíkun, àti Merchant Shipping Act ti 2007.

Àdéhùn àgbáyé

Bí Nàìjíríà bá tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pẹ̀lú orílẹ̀-èdè mìíràn, kò tíì di òfin nílé. Abala 12 ìwé òfin ilẹ̀ wa sọ pé àfi kí ilé-ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ sọ ọ́ di òfin.

Báyìí ni àdéhùn Hamburg ti ọdún 1978 ṣe di òfin níbí lọ́dún 2005. Lábẹ́ rẹ̀, tí ìbàjẹ́ bá hàn sójú, ẹni tó gba ẹrù gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀, ó pẹ́ tán ní ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tó gbẹrù. Tí kò bá hàn, ó ní ọjọ́ 15. Ọdún 2 ló ní láti pẹjọ́.

Òfin àtijọ́ ti ọdún 1926, tó tẹ̀ lé àdéhùn Hague ti 1924, le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹrù tó ń kúrò ní èbúté Nàìjíríà ni wọ́n ṣe é fún, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ máa ń fi ìlànà Hague sínú ìwé ẹrù wọn. Ọjọ́ 3 péré ló fúnni láti kọ̀wé tí ìbàjẹ́ kò bá hàn sójú, ọdún 1 sì ni láti pẹjọ́. Ẹni tí kò kọ̀wé kò tíì pàdánù ẹjọ́, àmọ́ òfin yóò kọ́kọ́ gbà pé ẹrù rẹ̀ dé láìlábùkù, òun ni yóò wá ẹ̀rí pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ kí àkókò ìpẹ̀jọ́ kọjá ní tirẹ̀, ilẹ̀kùn ti tì mọ́ ọn. Nítorí náà, èyí tó kúrú jù ni kí ọlọ́jà fi ṣe òdiwọ̀n.

Òfin Gẹ̀ẹ́sì àti ìdájọ́ kóòtù

Láti ọdún 1863 làwọn Gẹ̀ẹ́sì ti mú òfin wọn wọ Èkó. Títí dòní, àwọn ìlànà àtayébáyé wọn, àtàwọn òfin kan tó ti wà nílẹ̀ wọn ní January 1, 1900, ṣì ń ṣiṣẹ́ níbi tí òfin tiwa kò bá sọ̀rọ̀. Ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ náà tún jẹ́ òfin fáwọn kóòtù tó kù.

Àpẹẹrẹ kan ni ẹjọ́ Sonnar lórí ìrẹsì tó yẹ kó wá láti Thailand. Ìwé ẹrù sọ pé Jámánì ni kí wọ́n ti ṣẹjọ́, bẹ́ẹ̀ àkókò ìpẹ̀jọ́ ti kọjá níbẹ̀. Lọ́dún 1987, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí wọ́n gbọ́ ọ ní Nàìjíríà. Abala 20 òfin 1991 tún wá sọ ọ́ di òfin pé, tó bá jẹ́ Nàìjíríà ni wọ́n ti fẹ́ já ẹrù fún ẹni tó ni ín, àdéhùn tó bá fẹ́ gba ẹjọ́ náà lọ́wọ́ ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Kí ni kí oníṣòwò ṣe?

Obìnrin tó dáwó pọ̀ yẹn, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí lọ́yà yóò bi í ni pé: orúkọ ta ló wà nínú ìwé ẹrù, ìyẹn bill of lading? Ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ pé òun ló máa gba ẹrù, tàbí ẹni tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé náà fún, ni òfin mọ̀. Tó bá jẹ́ orúkọ ẹni tó kó wọn jọ nìkan ló wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè má ranlẹ̀ ní kóòtù. Kí ẹni tó bá ń bá èèyàn pín kọ̀ńténà ti bèèrè ìwé ẹrù tirẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Tí ẹrù bá dé, kó má fọwọ́ sí i pé ó pé, ó sì dára, láìtíì wò ó. Kó ya fọ́tò, kó pe ẹni tó mọ̀ nípa àyẹ̀wò ẹrù, kó sì kọ̀wé lọ́jọ́ náà gan-an, kó tọ́jú ẹ̀dà kan. Ó tún lè gbé ẹ̀sùn lọ sí Nigerian Shippers' Council, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1978 láti máa gbèjà àwọn tó ń kẹ́rù wọlé àtàwọn tó ń kó o jáde. Ṣùgbọ́n kó má rò pé ẹ̀sùn yẹn dá ọjọ́ ìpẹ̀jọ́ dúró. Kó rí lọ́yà tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ òkun, nítorí gbèsè lásán láàárín òun àti ejẹ́ńtì lè má jẹ́ ẹjọ́ òkun rárá.

Àwọn àgbà ní àìtètè mólè, olè ń mólóko. Nínú òwò orí omi, ọjọ́ tí ẹrù bá dé ni ọjọ́ tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò fún ẹni tó ni ín.