Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ Lórí Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Tí Ó Ń Há Sórí

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ àbúrò mi, ọmọ Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí láti ọ̀dọ̀ ìyá,

Mo kí ọ kú òtútù ọ̀yẹ́ yìí, tí a gbọ́ pé ó mú ní Ìbàdàn bí ó ti mú níhìn-ín ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo kí ọ kú ìwé kíkà, kú àìsùn, kú ìrọ́jú, kú ìmúra ìdánwò tí ó wà níwájú rẹ. Ìyá Akin ní kí n kí ọ kí n tó sọ ohunkóhun, ó sì ní kí n bi ọ́ bóyá o ń jẹun, nítorí àwòrán rẹ tí wọ́n fi hàn án lórí fóònù kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Akin kí ọ, ìyàwó rẹ̀ kí ọ, àwọn ọmọ rẹ̀ kí ọ. Bàbá Alájọ tí ó máa ń fún ọ ní àádùn nígbà tí o wà ní kékeré kí ọ. Ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, ṣùgbọ́n bí a bá ti dárúkọ rẹ, ó máa ń rẹ́rìn-ín. Ara èmi náà le, bí ara àgbà ti ń le. Orúnkún nìkan ni ó ń bá mi jà lówùúrọ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run Ọba.

Ọ̀rọ̀ kan ni mo gbọ́ tí ó mú mi jókòó ti kálàmù. Ìyá rẹ sọ ọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ tí ó sùn lọ́dọ̀ rẹ nígbà tí ó wá ṣe ìwé ìrìnnà rẹ̀ sọ ọ́, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì sì ṣe déédéé: pé láti ìgbà tí o ti pinnu láti ṣe ìdánwò GRE tí àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà kan ń bèèrè, o ti lẹ bébà pélébé-pélébé mọ́ gbogbo ara ògiri yàrá rẹ, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan lókè, ìtumọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀, pé o ń jí kí àkùkọ tó kọ, tí o ń dijú, tí ètè rẹ ń mì, tí o ń kà wọ́n ní àkàtúnkà, àti pé nígbà tí wọ́n bi ọ́ léèrè ìwé ìtàn tí o kà kẹ́yìn, o dáhùn pé kò sí àyè fún ìtàn mọ́. Èyí ni ó dùn mí jù lọ. Àbẹ̀kẹ́ tí ó máa ń já ìwé gbà lọ́wọ́ mi kí n tó kà á tán, òun náà ni ó ní kò sí àyè fún ìtàn!

N kì bá tí dá sí i, nítorí ọmọ tí ó ti gboyè kúrò ní ẹni tí à ń ká lọ́wọ́ kò; ṣùgbọ́n lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì tí o kọ sí àwọn àna wa ní Ìwó nígbà tí ìyá àgbà wọn papòdà ni ó jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀ràn náà ti wọra. Èmi ni wọ́n gbé e fún pé kí n kà á sí etígbọ̀ọ́ gbogbo agbo, kí n sì túmọ̀ rẹ̀. Mo dìde, mo wo ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ńláńlá ń gorí ara wọn níbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rí ibi tí o ti sọ pé ikú náà dùn ọ́, n kò sì rí ibi tí o ti dárúkọ olóògbé, obìnrin tí ó fi ìborùn ara rẹ̀ bò ọ́ nígbà tí òjò ká wa mọ́ ibi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ. Mo fi ẹnu ara mi bá wọn kẹ́dùn, mo ká lẹ́tà náà, mo fi í sápò. Inú mi bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, n kò sì ní purọ́ fún ọ pé kò bàjẹ́.

Má ṣe rò pé mo ní kí o má kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ta ni yóò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu èmi tí mo fi Gẹ̀ẹ́sì jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì? Ọ̀nà tí o gbà ni mo ń bá ọ jà lé lórí. Gbé ìwé atúmọ̀ èdè Hornby tí mo fún ọ nígbà tí o wọ ilé ìwé gíga, kí o sì rántí ohun tí mo sọ fún ọ nípa ẹni tí ó kọ ọ́. Láàárín àwọn ará Japan ni ọkùnrin náà ti ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì, ní Tokyo ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ tẹ ìwé náà ní 1942, kí àwọn ará Oxford tó tún un tẹ̀ ní 1948. Ó mọ̀ pé ìtumọ̀ nìkan kò lè gbé àlejò dé ibi tí ó ń lọ, nítorí náà ni ó ṣe to gbólóhùn sábẹ́ ìtumọ̀, kí ẹni tí ń kẹ́kọ̀ọ́ lè rí bí àwọn onílé ti ń lo ọ̀rọ̀. Ìwọ wá jókòó, o da ìtumọ̀ kọ sórí bébà, o sì fi gbogbo gbólóhùn náà sílẹ̀! Ohun tí ó fi odindi ayé rẹ̀ tò fún irú rẹ ni o fò kọjá.

Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe òun nìkan. Samuel Johnson, tí ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ jáde ní London ní 1755, tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lé ní 42,000, ìwé àwọn òǹkọ̀wé tí ó ṣáájú rẹ̀ ni ó kà, tí ó ń fa ìlà sídìí ọ̀rọ̀, tí àwọn akọ̀wé rẹ̀ ń da gbólóhùn náà kọ, títí gbólóhùn tí ó tẹ̀ sínú ìwé fi ju 100,000 lọ. James Murray, ọmọ aránṣọ ní ilẹ̀ Scotland, tí ó kúrò nílé ìwé ní ọmọ ọdún 14, tí ó wá di olóòtú ìwé atúmọ̀ èdè ńlá ti Oxford ní 1879, kọ́ ilé páànù sí àgbàlá rẹ̀, àwọn òǹkàwé láti ọ̀nà jíjìn sì ń fi gbólóhùn tí wọ́n bá pàdé nínú ìwé ránṣẹ́ sí i lórí bébà pélébé. Apá kìn-ín-ní jáde ní 1884. Murray kú ní 1915. Ọdún 1928 ni iṣẹ́ náà tó parí. Bébà pélébé ni tiwọn náà, Àbẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n gbólóhùn ni ó wà lára tiwọn. Wọ́n ka ìwé títí ojú wọn fi ṣú kí wọ́n tó kọ ìtumọ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀, ìwọ sì fẹ́ kí ìtumọ̀ náà ṣe iṣẹ́ ìwé kíkà fún ọ. Nílé wa níhìn-ín ńkọ́? Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, tí a kó lẹ́rú ní 1821, tí ó kọ́kọ́ tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, ọ̀pọ̀ òwe ni ó fi gbe ọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀ nínú èyí tí ó jáde ní 1852, nítorí ọmọ Yorùbá ni, ó mọ̀ pé ẹnu àwọn àgbà ni ọ̀rọ̀ ń gbé.

Jẹ́ kí n fi ti èdè wa yé ọ. Bí àlejò kan bá rí i nínú ìwé pé ẹni tí ó wàjà ni ẹni tí ó kú, tí ó há a sórí, kí ni yóò dá a dúró tí òbúkọ rẹ̀ bá kú, tí kò fi ní sọ láàárín ọjà pé òbúkọ òun wàjà? Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ìlú kan tí ó wà nítòsí wa níhìn-ín, nígbà tí ọ̀gá ìjọba kan ń bọ̀ wá wo odò tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ìjọba fi ẹ̀rọ fa omi rẹ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ìlú náà ti há ọ̀rọ̀ púpọ̀ sórí, ó sì rí notorious nínú ìwé rẹ̀ pé ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni. Ó kọ ọ́ sí iwájú orúkọ àlejò nínú ìwé ìkíni káàbọ̀, ó kà á sókè ketekete lójú ọba àti ìjòyè, kò sì mọ̀ pé ẹni tí òkìkí burúkú rẹ̀ kàn ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè bẹ́ẹ̀. Ojú ọkùnrin náà yí padà, kò jẹ, kò mu, ó wọkọ̀. Akọ̀wé náà jẹ́ èèyàn rere, ó fẹ́ràn ìlú rẹ̀ tọkàntọkàn. Ìtìjú ọjọ́ náà ni ó lé e kúrò láàárín wa lọ sí Jos, kò sì padà wálé mọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀.

O mọ ìtàn tèmi, ṣùgbọ́n o kò tíì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, yàrá ìwé kan wà níbẹ̀ tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí igi máńgòrò, olùkọ́ wa sì máa ń jẹ́ kí a jókòó síbẹ̀ títí agogo oúnjẹ alẹ́ yóò fi lù. Robinson Crusoe ni mo ń kà lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n wá pè mí pé bàbá wa ti ṣaláìsí. Ìyá rẹ ṣì wà lẹ́yìn ìyá wa nígbà náà. Owó ilé ìwé tán, mo di tíṣà kékeré ní abúlé tí kò sí ìwé kan ju Bíbélì àti ìwé atúmọ̀ èdè tí bàbá rà fún mi, èyí tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, tí ó wà nínú àpótí tí ìyá rẹ máa ń jókòó lé títí di òní. Níwọ̀n bí n kò ti ní òmíràn, òun ni mo kọjú sí. Lálaalẹ́, nídìí fìtílà, mo ń há a sórí láti A lọ. Àbẹ̀kẹ́, níbo ni àwọn ọ̀rọ̀ náà wà lónìí? Wọ́n ti lọ, bí ẹni pé n kò bá wọn pàdé rí. Ṣùgbọ́n èmi ọmọ ilẹ̀ gbígbẹ tí n kò tíì fojú kan òkun nígbà náà, n kò gbàgbé wreck, n kò gbàgbé raft, nítorí mo rí Crusoe tí ó ń lúwẹ̀ẹ́ lọ sídìí ọkọ̀ tí ó fọ́, tí ó ń fi igi tí ó so pọ̀ kó ìbọn àti oúnjẹ àti irinṣẹ́ wá sí etí òkun. Mo ra ìwé náà nígbà tí mo dàgbà, mo sì kà á tán. Ṣùgbọ́n àwọn ọdún tí orí ọmọdé ń gba ọ̀rọ̀ ti kọjá nínú abúlé yẹn, n kò sì rí ohun tí mo lè fi rà wọ́n padà. Bí mo bá jí lóru, yàrá ìwé yẹn ni mo máa ń rò. Àìní ni ó sọ mí di ẹni tí ń há ìtumọ̀ sórí. Ìwọ tí o wà ní Ìbàdàn, tí ìwé yí ọ ká lọ́tùn-ún lósì, kí ni ó mú ọ? Ẹni tí iṣu kún abà rẹ̀ kì í lọ já ewé igbó jẹ.

Wọ́n kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ nípa ará Jámánì kan, Hermann Ebbinghaus, tí ó dìídì há ìró tí kò ní ìtumọ̀ sórí kí ó lè mọ bí ènìyàn ti ń gbàgbé nǹkan. Ìwé tí ó kọ ní 1885 fi hàn pé èyí tí ó pọ̀ nínú wọn ń sá lọ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, àti pé bí a bá ń padà sí wọn lóòrèkóòrè ni wọ́n ń pẹ́. Nítorí náà n kò ní kí o má ṣe àtúnkà, àtúnkà dára. Ṣùgbọ́n ohun tí o ti bá pàdé lójú ọ̀nà ni kí o padà sí. Akin tí ó ti ṣe ìdánwò GRE náà sì sọ fún mi pé láti 2011 ni wọ́n ti mú ìbéèrè tí ń gbé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kalẹ̀, tí ó ń bèèrè òdìkejì rẹ̀, kúrò níbẹ̀. Inú gbólóhùn ni wọ́n ń fi àlàfo sí báyìí. Èwo wá ni ti ògiri? A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Èyí ni mo fẹ́, n kò sì fẹ́ àríyànjiyàn. Ká bébà kúrò lára ògiri. Ka ìwé gidi, tí a tẹ̀, tí a ń ṣí léwé-léwé, kì í ṣe ti fóònù. Nígbà tí o bá pàdé ọ̀rọ̀ tí o kò mọ̀, kọ́kọ́ ka gbólóhùn náà já, kí o tó ṣí Hornby, kí o sì fi yíǹkì da gbólóhùn pẹ̀lú ìtumọ̀ kọ sínú ìwé kan. Mo mọ̀ pé o ó ní bàbá ti dàgbà. Sọ ọ́, ṣùgbọ́n ṣe é.

Akin ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Gàrí àti epo tí ó wà nínú àpò jẹ́ ti Ìyá Akin, Robinson Crusoe jẹ́ tèmi, má sì yá ẹnikẹ́ni. Kí ogójì ọjọ́ ìyá àgbà Ìwó tó pé, kọ lẹ́tà mìíràn sí wọn, ní Yorùbá, kí o dárúkọ ìyá náà, kí o sì rántí ìborùn. Fi í rán Akin bọ̀ wá bá mi. Èmi fúnra mi ni yóò gbé e lọ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, tí ó fẹ́ràn rẹ,

Bàbá Akin.