Èéfín Kì Í Jí Ẹni Tó Sùn

 Ọ̀rọ̀ iná tó máa ń ṣẹ́ lóru ni a fẹ́ bá ara wa sọ lóṣù yìí.

Hadiisi kan wà lọ́dọ̀ Bukhari àti Muslim, láti ẹnu Abu Musa, nípa ilé kan tó jóná mọ́ àwọn ará ibẹ̀ lóru ní Mẹ̀dínà. Nígbà tí Ànábì Muhammad (ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kó máa bá a) gbọ́, ó kìlọ̀ pé ọ̀tá ni iná, kí wọ́n máa pa á kí wọ́n tó sùn. Nínú èyí tó wá láti ọ̀dọ̀ Jabir, ó mẹ́nu ba eku tó lè wọ́ òwú fìtílà kó sì dáná sun ilé. Fìtílà olówùú ti ń tán nílé wa, ṣùgbọ́n eku kò tíì lọ, wáyà sì wà tí yóò gé jẹ.

Áyọ́ọ̀nù tún ńkọ́? Iná lọ nígbà tí a ń lo aṣọ lọ́wọ́, a gbé e sílẹ̀, a gbàgbé láti yọ ọ́. Aago méjì òru, NEPA mú iná dé. Ẹ tún fi kọ́ìlì ẹ̀fọn abẹ́ ibùsùn kún un, fóònù tó ń gba iná lórí fóòmù, àti kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ẹni tí iná ilé pa, èéfín ló pa wọ́n kí ọwọ́ iná tó kàn wọ́n. Imú ẹni tó sùn kò ṣeé gbọ́kàn lé, gáàsì inú èéfín sì tún ń jẹ́ kí oorun wọra sí i. Etí ló ń jí ènìyàn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe aláàmù èéfín.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2017, nínú oṣù Ramadan, iná ṣẹ́ láti ara fìríìjì ní àjà kẹrin ilé gogoro Grenfell Tower ní Lọ́ńdọ̀nù. Aago kan òru kò tíì lù. Aláàmù ló jí ẹni tó ń gbé yàrá náà, ó pe panápaná. Àwọn Mùsùlùmí tí ààwẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n tíì sùn wà lára àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn aládùúgbò kiri. Síbẹ̀, ènìyàn 72 ló kú, nítorí ohun tí wọ́n fi bo ara ilé náà lóde gbé iná náà ká a. Aláàmù kì í paná. Kó jí wa kí ọ̀nà tó dí ni iṣẹ́ tirẹ̀.

Ẹ̀rọ náà kò ju àwo kékeré lọ, bátìrì ló sì ń lo èyí tó rọrùn fún wa jù, kò ní NEPA í ṣe. Ara àjà lókè ni kí ẹ so ó mọ́, torí òkè ni èéfín ń lọ. Kó jìnnà sí ògiri àti gílóòbù tó sẹ̀ǹtímítà 30, kó má sì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù. Nínú ilé tí yàrá kọjú síra, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àárín ló kọ́kọ́ tọ́ sí. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè.

Ẹ má gbé e sí ilé ìdáná o. Mo ti ṣe é rí. Gbogbo ìgbà tí epo dòdò bá ti gbóná ló ń ké, ìyàwó mi ní ariwo náà sú òun, mo bá yọ bátìrì rẹ̀. Oṣù mélòó kan ló fi wà lókè bí ọ̀ṣọ́ lásán. Irú mìíràn wà tó jẹ́ ooru ló ń mọ̀, òun ló yẹ ilé ìdáná. Ẹ̀yin ìyá wa tó ń fi igi dín dòdò tà lẹ́yìnkùlé, ẹ jẹ́ kí tiyín jìnnà sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Tí oṣù tuntun bá ti lé, ẹ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, kí àwọn ọmọ náà gbọ́ ọ. Ẹ pààrọ̀ bátìrì lọ́dọọdún, kí Ramadan tó wọlé. Bó bá ń ké ṣín-ín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ọmọ adìyẹ, bátìrì ló ń kú lọ. Eruku ọyẹ́ a máa dí i. Aṣọ gbígbẹ ni kí ẹ fi nù ún, kì í ṣe omi. Bí ẹ bá ń kun ilé nítorí Iléyá, ẹ má kun òun mọ́ ọn. Lẹ́yìn ọdún 10, ẹ ra òmíràn. Déètì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Kò mọ gáàsì jẹnẹrétọ̀ o, èyí tí kò ní àwọ̀ tí kò ní òórùn. Ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ ló wà fún un. Ìta gbangba, níbi tó jìnnà sí fèrèsé, ni jẹnẹrétọ̀ ń gbé.

Àwọn kan á ní ohun tí Ọlọ́hun bá kọ ni yóò ṣẹlẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Ànábì kan náà ló ní kí ọkùnrin kan so ràkúnmí rẹ̀ kó tó gbára lé Ọlọ́hun. Bí owó kò bá ká a, ẹ jẹ́ kí ará ilé dá a jọ.

Irin tí a fi dí fèrèsé nítorí olè ló ń bà mí lẹ́rù jù. Bí aláàmù bá ké, ilẹ̀kùn nìkan ló kù, a sì ti tì í. Kí kọ́kọ́rọ́ wà níbi kan ṣoṣo nítòsí ilẹ̀kùn, kí ọwọ́ ọmọ ọdún méje lè tó o. Kí gbogbo ilé mọ̀ pé wọn yóò rákò jáde lábẹ́ èéfín, kí wọ́n sì mọ ibi tí wọn yóò ti pàdé níta, kí a lè ka orí. Lẹ́yìn ìrun Ishai lónìí, ẹ pa iná ilé, kí ẹ ní kí ọmọ tó kéré jù nínú àwọn tó lè ṣílẹ̀kùn lọ mú kọ́kọ́rọ́ náà wá.